Bí ẹ ṣe lè gbé iṣẹ́ ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé láti Nàìjíríà wọ Bẹ̀nẹ̀

Lójú ọ̀pọ̀ àjọ tó ń ṣètọ́jú ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé nílẹ̀ Yorùbá, Bẹ̀nẹ̀ ló dà bí ibi tó rọrùn jù láti nawọ́ iṣẹ́ dé. Kétu ò jìnnà sí Ìmẹ̀kọ, ẹbí kan náà ló wà lápá méjèèjì ẹnubodè, ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń dojú dé, ohun kan náà ló sì máa ń fà á. Wọ́n á wọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á pín fọ́ọ̀mù, wọ́n á rí ogójì ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wọn yóò kó wọn lọ. Òbí ti gbọ́ pé nǹkan ń ṣe ọmọ òun, olùkọ́ ti gbọ́, àwọn ọmọ kíláàsì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ìyà ọmọ náà ti wá pọ̀ ju bó ṣe wà kí àlejò tó dé.

Nítorí náà, ibi tí ọmọ máa lọ ni ìtọ́sọ́nà yìí fi síwájú. Wíwá ọmọ ló kẹ́yìn. Agbègbè Kétu àti Pọ́bẹ̀ la fi ṣe àpẹẹrẹ látòkèdélẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí Tógò lè tẹ̀ lé ìpele kan náà, ṣùgbọ́n òfin àti orúkọ ọ́fíìsì máa yàtọ̀.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbéra

- Iṣẹ́ kan tó ti dúró dáadáa nílé fún ọdún 2 ó kéré tán, tí ìlànà rẹ̀ wà ní kíkọ. Tó bá jẹ́ pé orí ẹnì kan ni gbogbo ìmọ̀ iṣẹ́ náà wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ná.
- Owó tó máa tó iṣẹ́ oṣù 18: oṣù 6 fún ìwé àṣẹ àti àdéhùn, 3 fún fọ́ọ̀mù àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 6 fún iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, 3 fún àyẹ̀wò àti fífà á lé àwọn onílé lọ́wọ́. Owó tó tó iṣẹ́ oṣù 6 nìkan máa tán síbi ìwé àṣẹ.
- Olùdarí tó jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, tó lè kọ lẹ́tà Faransé tí ọ́fíìsì ìjọba á gbà. Ògbufọ̀ ò lè ṣe iṣẹ́ yìí dípò rẹ̀.
- Oníṣègùn ọpọlọ kan tó ní ìwé àṣẹ ní Bẹ̀nẹ̀, tó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun á máa gbé ìpè yín ní ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ jọ dá.
- Ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ àjọ yín láti CAC ní Nàìjíríà, ìwé òfin àjọ yín, orúkọ àwọn alákòóso, àti ìṣirò owó ọdún 2 tí aṣàyẹ̀wò owó ti yẹ̀ wò. Kí ògbufọ̀ tí ilé ẹjọ́ mọ̀ túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Faransé. Ẹ ṣe ẹ̀dà 6, nítorí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan máa gba tirẹ̀, kò sì ní dá a padà.
- Ìlànà ààbò ọmọ tí gbogbo ẹni tó máa fojú kan ọmọ ti fọwọ́ sí, títí kan awakọ̀ àti agbálẹ̀.

Ẹ fi sẹ́fà ṣe gbogbo ìṣirò owó, kì í ṣe náírà. Sẹ́fà so mọ́ Yúrò, 655.957 sí Yúrò 1, kì í yẹ̀. Náírà ló ń lọ sókè lọ sódò. Àjọ tó bá fi náírà ṣètò owó oṣù òṣìṣẹ́ lè rí i láàárín ọdún kan pé owó náà ò tó mọ́. Kí owó tó máa tó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta wà ní báńkì Bẹ̀nẹ̀ ní sẹ́fà nígbà gbogbo.

Ìpele 1: Ẹ mú iṣẹ́ kan, ẹ mú agbègbè kan

Ẹ má ṣe kó gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe nílé dání. Iṣẹ́ ìjókòó ẹgbẹ́ fún àwọn ọmọ tó ní ìsoríkọ́ àti àníyàn yàtọ̀ pátápátá sí iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn òbí ọmọ tó ní ọ́tísìmù. Òṣìṣẹ́ wọn yàtọ̀, ọ̀nà ìfìránṣẹ́ wọn (bí ọmọ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀) yàtọ̀, iye oṣù tí wọ́n ń gbà yàtọ̀. Ẹ mú ọ̀kan.

Tí ẹ ò bá ní ìlànà tiyín, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní méjì tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan owó. EASE wà fún àwọn ọmọ tó ń bàlágà bọ̀, láti nǹkan bí ọmọ ọdún 10: ìjókòó 7 fún àwọn ọmọ, ìjókòó 3 fún àwọn tó ń tọ́ wọn. Ẹni tí kì í ṣe dókítà ló ń darí rẹ̀ lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Èkejì ni CST, fún àwọn òbí ọmọ ọdún 2 sí 9 tí ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ìdàgbàsókè wọn lọ́ra: ìjókòó ẹgbẹ́ 9 àti àbẹ̀wò ilé 3. EASE la máa fi ṣàpẹẹrẹ níbí.

Ní ti agbègbè, ẹ tẹ̀ lé bí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe pín iṣẹ́ ìlera wọn. *Zone sanitaire* ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwòsàn ńlá tirẹ̀ àti dókítà olùdarí tirẹ̀, *médecin coordonnateur*. Pọ́bẹ̀, Kétu àti Adja-Ouèrè wà nínú zone kan náà, ní ẹkùn Plateau ti Bẹ̀nẹ̀. Tí ẹ bá na ọwọ́ sí zone méjì, àdéhùn méjì nìyẹn, olùdarí méjì tó lè yí ọkàn padà nìyẹn.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀: yíyan Kétu torí pé Yorùbá ni wọ́n. Faransé ni olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ, Faransé ni nọ́ọ̀sì fi ń kọ káàdì. Èdè Kétu àti ti Ọ̀họ̀rí ò sì rí bí ti Ìbàdàn. Ẹ óò tún bá àwọn ìdílé tó ń sọ Fọ̀n pàdé nínú kíláàsì kan náà. Ẹ ka iye èdè tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gba òṣìṣẹ́.

Ìpele yìí ti yọrí nígbà tí ẹ bá lè kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sórí ìwé: irú ọmọ wo, ọdún mélòó sí mélòó, ìjókòó mélòó, ní ilé ẹ̀kọ́ wo, ní zone wo. Tí «àti» bá ti ju ẹyọ kan lọ nínú gbólóhùn náà, ẹ gé e kù.

Ìpele 2: Ẹ kọ́ ọ̀nà ìfìránṣẹ́ kí ẹ tó rí ọmọ kankan

Ìpele yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun ni àwọn èèyàn sì máa ń fò. Ẹ mú ìwé pẹlẹbẹ kan, kí ẹ ya àtẹ̀gùn mẹ́rin sí i. Àkọ́kọ́ ni olùkọ́ àti olùdarí ẹgbẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Èkejì ni nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera, *centre de santé*, tó súnmọ́ ilé ọmọ. Ẹ̀kẹta ni ilé ìwòsàn zone. Ẹ̀kẹrin ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ní Jacquot, ní Kútọnu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà, ẹ kọ àwọn tí kì í ṣe ti ìjọba: ibùdó Saint-Camille ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), wà lára wọn. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ló dá Saint-Camille sílẹ̀ ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, kó tó gbé e wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń sọdá ẹnubodè: ó dá ibùdó kéékèèké sílẹ̀ nítòsí ilé àwọn aláìsàn, kí wọ́n lè máa gba oògùn níbẹ̀ láìrin ìrìn-àjò jíjìn. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú, nítorí náà ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń gba ọmọ.

Ní ẹnu àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Ta ló máa gba ọmọ ọdún 9 lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Orúkọ èèyàn àti nọ́ńbà fóònù lẹ nílò. Orúkọ ilé ìwòsàn nìkan ò tó.
2. Èló ni káàdì?
3. Èló ni owó ọ̀kadà, *zémidjan*, àti mọ́tò fún ọmọ àti òbí rẹ̀, àlọ àti àbọ̀?
4. Oògùn wo ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, èwo ló máa ń tán?
5. Báwo ni èsì ṣe máa padà dé ọ̀dọ̀ yín?

Láti Kétu dé Kútọnu lé ní 100 kìlómítà. Ìyá tó ń ta gàrí ò ní ná owó ọjọ́ mẹ́rin lórí mọ́tò torí lẹ́tà tí ẹ kọ. Ẹ fi owó ọkọ̀ sínú ètò owó yín, ẹ máa fi lé òbí lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ó bá ń lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dé. Ìwé ìfìránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní abala tí nọ́ọ̀sì máa fà ya, kọ èsì sí, tí òbí á gbé padà bọ̀.

Ẹ lọ kí àwọn tí ìdílé máa ń kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ bá: babaláwo, àwọn àgbà ilé fódù, wòlíì, àfáà. Ẹ má bá wọn jiyàn lórí ohun tó fa àìsàn. Nǹkan méjì péré ni kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún: àkọ́kọ́, kí wọ́n má na ọmọ, kí wọ́n má sì dè é lẹ́wọ̀n; èkejì, kí wọ́n fi ọmọ tí gìrì tàbí wárápá bá gbé, tàbí èyí tí kò jẹun mọ́, ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbà, tí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ wọ̀lú.

Ewu kan wà tí àwọn ará Nàìjíríà kì í mọ̀. Tí ọmọ kan bá le ní Kétu, ọkàn wa máa ń sọ pé Arò ní Abẹ́òkúta súnmọ́ ju Kútọnu lọ, ká gbé e síbẹ̀. Òfin Bẹ̀nẹ̀ nọ́ńbà 2006-04 ló ń darí bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe lè rìnrìn-àjò, òfin yẹn kan náà ló sì ń bá àwọn tó ń kó ọmọ ṣòwò wí. Àjọ àjèjì tó bá gbé ọmọ kọjá ẹnubodè láìní ìwé tó yẹ lè bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà yín pé òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ gbé ọmọ sọdá, kódà tí òbí bá ń bẹ̀bẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn. Ẹ má gbé e kọjá rárá. Methylphenidate, diazepam àti phenobarbital wà lára oògùn tí àdéhùn àgbáyé ọdún 1971 ń ṣọ́. Ohun tí dókítà Bẹ̀nẹ̀ bá kọ, kí ilé oògùn Bẹ̀nẹ̀ tà á.

Ẹ dán ọ̀nà náà wò báyìí: ẹ bá nọ́ọ̀sì wá ọmọ 3 tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wárápá ń yọ lẹ́nu, tó yẹ kí dókítà rí. Ẹ san owó ọkọ̀, ẹ fún wọn ní ìwé. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dé, tí èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì padà láàárín ọjọ́ 14, ọ̀nà ti là. Tí ọ̀kan bá sọnù, ẹ wá ibi tó ti sọnù kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ tí dókítà ò sí níjòókòó, tàbí káàdì tí owó rẹ̀ ju èyí tí wọ́n sọ fún yín lọ, ló máa ń fà á.

Ìpele 3: Ìwé àṣẹ

Ọjọ́ 90 tí ECOWAS fún ọmọ Nàìjíríà láti wà ní Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà kì í ṣe àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì Nàìjíríà ò gbọdọ̀ tọ́jú ọmọ kankan níbẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ oníṣẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀, kí wọ́n sì máa tì wọ́n lẹ́yìn.

Ọ̀nà méjì ló wà láti wọlé: kí ẹ forúkọ àjọ tiyín sílẹ̀, tàbí kí ẹ bá àjọ Bẹ̀nẹ̀ kan tó ti ní ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀, *récépissé*, ṣe àdéhùn. Fún oṣù 18 àkọ́kọ́, èkejì lẹ mú. Àjọ onílé á ti ní nọ́ńbà owó orí, IFU; á ti mọ bí wọ́n ṣe ń san owó ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ fún àjọ ìjọba, CNSS; á sì ti ní àkáǹtì báńkì. Ìforúkọsílẹ̀ àjọ àjèjì ń béèrè àdéhùn pẹ̀lú ìjọba fúnra rẹ̀, ó sì lè gba àkókò gígùn. Òfin lórí àjọ àti ẹgbẹ́ máa ń yí padà, nítorí náà kí agbẹjọ́rò kan ní Kútọnu ka èyí tó wà lóde fún yín kí ẹ tó san owó kankan.

Bí ẹ ṣe máa to àbẹ̀wò ọ́fíìsì nìyí, ẹ má sì yí i padà:

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlera ẹkùn, *Direction Départementale de la Santé*, lẹ́yìn náà ẹ lọ bá dókítà olùdarí zone.
2. Ọ́fíìsì ìlú, *mairie*, ní Kétu tàbí Pọ́bẹ̀. Ẹ lọ kí Ọba Alákétu náà. Ẹni tó bá wọ ìlú láìkí ọba, ìlú á bi í.
3. GUPS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé aláìní àti ọmọ tó wà nínú ewu. Àwọn ni ẹ máa pè jù lọ lẹ́yìn nọ́ọ̀sì.
4. Ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́ agbègbè náà, *circonscription scolaire*. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ò lè gbà yín wọlé láìsí lẹ́tà rẹ̀.
5. APDP, tó ń ṣọ́ dátà àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ nípa ìlera ọmọ wà lára dátà tí òfin nọ́ńbà 2017-20 fi ọwọ́ líle mú. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó kọ orúkọ ọmọ kan sílẹ̀, ẹ sì sọ fún wọn tí dátà kankan bá máa lọ sí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà. Ó sàn kí ó má lọ rárá: nọ́ńbà ọmọ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé, kí orúkọ wà nínú àpótí tí wọ́n tì pa ní Bẹ̀nẹ̀.
6. CNERS, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí ìlera, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ohun tí ẹ bá rí ṣe ìwádìí tí ẹ máa tẹ̀ jáde.

Ìyọ̀ǹda òbí máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Òfin àwọn ọmọdé Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà 2015-08, sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ta ló máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan tàbí ọ̀gá, èyí tí wọ́n ń pè ní *vidomègon*. Ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lè má ní àṣẹ lórí rẹ̀ lójú òfin, nígbà míì òun gan-an ló ń fìyà jẹ ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ó fọwọ́ sí ìwé fún ọmọ náà. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí GUPS, kí wọ́n tọ́ka ẹni tí òfin mọ̀. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ náà sọ pé òun gbà; ọmọ tó bá ní òun ò ṣe, òbí ò lè fipá mú un jókòó.

Ìpele yìí yọrí nígbà tí lẹ́tà zone, ti mairie, ti GUPS àti ti circonscription wà nínú fáìlì kan ní ọ́fíìsì Kétu, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí wọn. «Ọ̀gá ti ní kò sí wàhálà» kì í ṣe lẹ́tà.

Ìpele 4: Èdè àti fọ́ọ̀mù

Fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ ń lò ni SDQ, ìbéèrè nípa ìwà àti ìmọ̀lára ọmọ, tí Robert Goodman gbé jáde ní 1997. Ìbéèrè 25 ló ní, ó wà fún ọmọ ọdún 4 sí 17. Ti òbí wà, ti olùkọ́ wà, ti ọmọ fúnra rẹ̀ wà láti ọdún 11. Ó wà ní Faransé àti ní Yorùbá. Àjọ tí kì í wá èrè lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, ẹ ò sì gbọdọ̀ gbé e sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà láìgba àṣẹ.

Ẹ pe òbí 10 àti olùkọ́ 10 jọ. Ẹ ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí wọn létí, kí ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn sọ ohun tó ń béèrè. Níbi tí mẹ́ta nínú mẹ́wàá bá ti sọ nǹkan míì, ẹ kọ àlàyé ẹnu kan sórí ìwé tó yàtọ̀, tí olùbéèrè á máa fi ṣàlàyé. Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ò yí padà. Ẹ má sì fún òbí ní Yorùbá kíkọ kí ó dá kà. Ọ̀pọ̀ òbí ní Bẹ̀nẹ̀ tó ń sọ èdè náà, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ìwé kíkà tí wọ́n bá kọ́ ọ. Ẹ kà á fún wọn.

Ọ̀fìn tó jìn jù nínú SDQ ni ààlà máàkì. Máàkì ìṣòro lọ láti 0 dé 40. Ààlà tó wà níta, láti 17 lọ sókè fún ti òbí, 16 fún ti olùkọ́, 20 fún ti ọmọ, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kò bá Kétu mu bí òdiwọ̀n. Ẹ fi máàkì ṣàyàn àwọn tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ ní ojúkojú, kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wákàtí ìdajì sì jẹ́ ohun tó máa pinnu. Béèrè pàápàá bóyá ohun náà ń dí ọmọ lọ́wọ́ nílé, nílé ẹ̀kọ́, láàárín àwọn ọ̀rẹ́.

Ẹ kọ ìwé kékeré kan nípa bí àwọn òbí ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ̀rọ̀. Kì í ṣe «ìsoríkọ́» ni wọ́n máa wí. Wọ́n á ní inú ń run ọmọ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́, orí ń fọ́ ọ, ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, ó ti padà sí títọ̀ sílé, kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré mọ́. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni kí olùkọ́ mọ̀. Kí «wèrè» má jáde lẹ́nu òṣìṣẹ́ kankan, kí «ìlera ọpọlọ» má sì wà lára ilẹ̀kùn yàrá tí àwọn ọmọ ń wọ̀. Ẹ fún ẹgbẹ́ náà ní orúkọ tí ọmọ ò ní tijú láti dá.

Kí ẹ tó pe ọmọ kankan ní alọ́tísìmù tàbí aláìgbọ́ràn, ẹ yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Dúró sẹ́yìn ọmọ, pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, fi ìwé bo ẹnu. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa máa ń jọ ọmọ tí kò fẹ́ dáhùn, ọ̀dọ̀ oníṣègùn etí ni tiẹ̀.

Ẹ wá ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó tẹ fọ́ọ̀mù kankan. Ìṣirò WHO ni pé ọmọ 1 nínú 7 tó wà ní ọdún 10 sí 19 lágbàáyé ló ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Tí ẹ bá yẹ ọmọ 300 wò, ẹ múra sílẹ̀ fún nǹkan bí 43. Òṣìṣẹ́ méjì ló ń darí ẹgbẹ́ ọmọ 8. Tí ẹ bá ní òṣìṣẹ́ 4, tí méjì-méjì wọn ń darí ẹgbẹ́ 2 lọ́sẹ̀, àyè 32 lẹ ní ní sáà kan. 43 ò wọ inú 32. Nítorí náà, ọmọ 200 ni kí ẹ yẹ̀ wò: bíi 28 tàbí 29 á jáde, àyè 3 tàbí 4 á ṣẹ́ kù fún àwọn tí olùkọ́ bá mú wá lẹ́yìn náà.

Ìpele 5: Òṣìṣẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àbójútó

Ẹ gba ẹni tó ń gbé ní agbègbè náà, tó gbọ́ èdè méjì nínú èdè àwọn ọmọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ náà ní kíláàsì ò gbọdọ̀ jẹ́ olùdarí ẹgbẹ́ rẹ̀: ọmọ ò ní sọ òótọ́ fún ẹni tó ń fún un ní máàkì, tó sì lè mú pàṣán.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì tó parí pẹ̀lú fọ́tò àti ìwé ẹ̀rí ò lè gbé iṣẹ́ yìí. Ẹ fún un ní ọjọ́ 8, kí ìdajì rẹ̀ ó kéré tán jẹ́ fífi ara ẹni ṣe ọmọ, òbí àti olùdarí. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ohun tí wọ́n lè ṣe. WHO àti UNICEF ní ohun èlò ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní EQUIP. Nínú rẹ̀, WeACT ni wọ́n ṣe fún àwọn tó ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́. Máàkì 1 sí 4 ló ń fún olúkúlùkù lórí bó ṣe ń tẹ́tí, bó ṣe ń pa àṣírí mọ́, bó ṣe ń béèrè nípa ewu. Máàkì 1 túmọ̀ sí pé ohun tí ẹni náà ṣe lè pa ọmọ lára. Ẹni tó bá gba 1 nínú ohunkóhun, kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ títí yóò fi tún un ṣe. Ìwàásù àti ìbáwí ló máa ń fa 1 jù níhìn-ín. Ọmọ á ní òun ò sùn, òṣìṣẹ́ á ní kó máa gbàdúrà, kó máa gbọ́ràn sí ìyá ẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ọmọ á parí síbẹ̀.

Alábòójútó 1 fún òṣìṣẹ́ 6, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìpàdé àbójútó jẹ́ wákàtí kan àtààbọ̀ lọ́sẹ̀, kí alábòójútó sì jókòó nínú ìjókòó ẹgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Tí owó bá ń tán, ìpàdé yìí ni àwọn àjọ máa ń kọ́kọ́ gé, ó sì yẹ kó jẹ́ ohun tó kẹ́yìn. Láìsí i, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìlànà tí ẹ kọ́ wọn á ti di ìwàásù.

Ìpele 6: Ọjọ́ ewu

Ojú ìwé kan péré ni ìlànà yìí gbọ́dọ̀ jẹ́, kí ó sì wà lára ògiri.

Tí ọmọ bá sọ tàbí fi hàn pé ayé sú òun: ẹ bi í léèrè tààrà, «Ṣé o ti rò ó pé kí o pa ara rẹ?» Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ọmọ lórí, ó máa ń tù ú lára pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ. Béèrè bóyá ó ti mọ ohun tó máa fi ṣe é, bóyá ó ti gbìyànjú rí. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ pe òbí lọ́jọ́ náà, ẹ pe oníṣègùn ọpọlọ. Ẹ sọ fún òbí kó kó oògùn apakòkòrò oko kúrò nílé, títí kan èyí tó wà nínú ìgò ọtí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àti gbogbo oògùn ilé. Ẹ padà rí ọmọ lọ́jọ́ kejì.

Tí ọmọ bá sọ pé wọ́n bá òun lò pọ̀ tàbí wọ́n ń lù òun: ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ẹ má tú u wò bí ọlọ́pàá. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, ilé ìwòsàn ni ẹ kọ́kọ́ lọ, nítorí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Lẹ́yìn náà GUPS, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé, OCPM, tàbí ìlà fóònù àwọn ọmọdé, 138. Ẹ má pe ìdílé jọ láti parí rẹ̀ nílé. Ìpàdé ẹbí máa ń dá ọmọ padà sọ́wọ́ ẹni tó pa á lára.

Ẹ dán an wò ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ọ̀ràn tí ẹ fi ẹnu dá: ṣé alábòójútó, dókítà àti GUPS gbé fóònù láàárín wákàtí kan? Tí ẹnikẹ́ni ò bá gbé e, ẹ wá ẹnìkejì tó máa dípò rẹ̀.

Ìpele 7: Sáà àkọ́kọ́

Ilé ẹ̀kọ́ méjì péré. Ilé ẹ̀kọ́ Bẹ̀nẹ̀ máa ń wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì ń parí ní nǹkan bí oṣù Kẹfà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ àti ìwé rírà, ẹ má sì fi ìjókòó sí oṣù ìdánwò tàbí ọjọ́ ọjà ìlú náà. Ìjókòó 7 ń gba ọ̀sẹ̀ 9 ní ti gidi, torí ìsinmi àti òjò.

Ohun márùn-ún péré ni kí ẹ máa kà: iye ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, iye tó wá sí ìjókòó 5 ó kéré tán nínú 7, iye tí ẹ fi ránṣẹ́, iye tó dé, àti iye èsì tó padà. Kí alábòójútó wò ó lóṣooṣù pẹ̀lú dókítà zone. Ọmọ tó bá pa ìjókòó méjì jẹ tẹ̀lé ara wọn, ẹ lọ sílé rẹ̀. Púpọ̀ nígbà, oko tàbí ọjà ni wọ́n mú un lọ, òbí á sì gbà tí ẹ bá yí wákàtí padà.

Ìgbà tí ó yẹ kí ẹ dúró wà: tí ọmọ 10 bá gba ìwé ìfìránṣẹ́ tí èyí tó dé ò tó 7, ẹ má fi ilé ẹ̀kọ́ kankan kún un. Ẹ padà sí ìpele 2, kódà tí àwọn olówó bá ń béèrè iye ọmọ tó pọ̀ sí i.

Ìpele 8: Fífà á lé àwọn onílé lọ́wọ́

Láti oṣù 10, kí nọ́ọ̀sì zone máa jókòó sí ìpàdé àbójútó. Ẹ fi ìwé ìlànà WHO lórí ìtọ́jú ìlera ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní mhGAP, kọ́ nọ́ọ̀sì 2 ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Kò tó kí ó jẹ́ 1, torí ìjọba máa ń gbé nọ́ọ̀sì káàkiri. Ẹ bẹ dókítà olùdarí zone pé kí ó fi ìlà kan fún ìlera ọpọlọ ọmọdé sínú ìròyìn oṣooṣù rẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ìròyìn, owó ìjọba ò ní dé ibẹ̀.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: ẹ kó òṣìṣẹ́ yín kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kan fún odindi oṣù kan. Kí olùkọ́ rí ọmọ, kí nọ́ọ̀sì gbà á, kí ìwé èsì padà dé ilé ẹ̀kọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni pè yín lórí fóònù. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ fún ọmọ 3, ẹ lè wá lọ bá zone kejì sọ̀rọ̀.